Ta ló ń yí ẹ̀rọ yìí sẹ́yìn? Bí mọ́tò méjì ṣe jó nínú ọkọ̀ rìmóòtù kan n'Ìbàdàn

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, mọ́tò tí mo fẹ́ sọ níbí kì í ṣe ọkọ̀ o. Ẹ̀rọ kékeré onírin tó wà nínú ọkọ̀ rìmóòtù, tó ní kábọ̀n méjì nínú (ègé dúdú kékeré tó ń gbé iná fún ibi tó ń yí), tó ń yí táyà, òun ni mò ń pè ní mọ́tò, ọkọ̀ fúnra ẹ̀ la ó sì máa pè ní ọkọ̀. Ó yẹ kí n là á kalẹ̀ torí lọ́jọ́ tí àbúrò kan ní àdúgbò wa pè mí pé "ẹ̀gbọ́n, mọ́tò mi tún ti jó o", àyà mi já, mo rò pé ọkọ̀ tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́ ló gbiná lójú títì.

Ọkọ̀ rìmóòtù ẹ̀ ni. Ìwọ̀n 1/10 ni, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ọkọ̀ gidi, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó wà ní London ló fi ránṣẹ́ nínú páálí, òun fúnra ẹ̀ ló jókòó tò ó pọ̀. Mọ́tò tó bá a wá ni 540 alágolo fàdákà tí gbogbo ẹni tó ń ṣeré yìí mọ̀, látọ̀dọ̀ Mabuchi ti ilẹ̀ Japan ni orúkọ yẹn ti wá, agolo ẹ̀ fẹ̀ tó 36 mm, ọ̀pá tó yọ níwájú ẹ̀ nípọn tó 3.17 mm, irú ẹ̀ ò sì ṣeé tú torí wọ́n ti tẹ etí agolo náà mọ́ ọn, tí kábọ̀n inú ẹ̀ bá tán, ó tán nìyẹn. Èyí lo ọ̀sẹ̀ méje. Èkejì tó rà lẹ́yìn ẹ̀ jẹ́ 27T tó ṣeé tú, tó ní sípíríǹgì lẹ́yìn tó sì ṣeé pààrọ̀ kábọ̀n ẹ̀, bátìrì mẹ́sàn-án péré ló fi sáré, ìyẹn ìgbà mẹ́sàn-án tó lo bátìrì tó kún títí tó fi tán, tí kò fi lè gun òkè kékeré iwájú ilé wọn mọ́. Ẹ̀kẹta, irú kan náà pẹ̀lú èkejì, ṣì wà nínú ọ̀rá, ó ní òun ò tíì fọwọ́ kàn án torí ẹ̀rù ń ba òun.

27T yẹn, iye ìgbà tí wọ́n yí wáyà mọ́ apá kọ̀ọ̀kan àmáṣọ̀ ni, ìyẹn irin inú mọ́tò tó ń yí. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ń kéré sí i ni mọ́tò á máa yára sí i, á máa jẹ iná sí i, á sì máa gbóná sí i. 27 kì í ṣe mọ́tò líle rárá, kò yẹ kó kú ní bátìrì mẹ́sàn-án, ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kó kó gbogbo ẹ̀ wá.

Ó kó wọn dé, ó ní "ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń ta mọ́tò yìí ń rẹ́ wa jẹ ni". Mo ní kó fi ẹni tó ta ọjà sílẹ̀ ná, kó sọ gbogbo nǹkan tó ṣe fún mi láti ọjọ́ kìíní. Àṣé ó ti ṣe nǹkan púpọ̀. Ó yọ jíà kékeré eléyín 19 tó wà lẹ́nu mọ́tò, ó fi eléyín 23 sí i kó lè sáré. Gbogbo ọjọ́ Sunday ló ń fín WD-40 sínú ihò mọ́tò kìíní, ó ní òun ń fi ọ́ìlì sí i. Mọ́tò kejì wá, kó tó fi sínú ọkọ̀ ó rì í bọnú ife omi, ó gbé bátìrì lipo 2S (onísẹ́ẹ̀lì méjì) tó kún fọ́fọ́ lé e, ìyẹn 8.4 volt, ó fi sílẹ̀ fún odindi ìṣẹ́jú márùn-ún, torí ó gbọ́ pé omi ló ń mú kábọ̀n jókòó kíákíá.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ kábọ̀n tó ń jókòó yìí torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Orí àmáṣọ̀ ní bàbà tí kábọ̀n ń fẹnu kàn, àwọn tó ń ṣeré yìí ń pè é ní kọ́mù, ó pín sí mẹ́ta, àlàfo tín-ín-rín ló là wọ́n láàárín. Kọ́mù yìí rí róbótó, àmọ́ ẹnu kábọ̀n tuntun tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí kó rí págunpàgun. Ẹni tó bá ti ra ọmọ ọlọ tuntun rí á mọ ohun tí mò ń sọ, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ojú kan péré ló ń kan ìyá ọlọ, ata á kàn máa yọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ni, ìgbà tẹ́ ẹ bá lò ó títí tí ikùn ẹ̀ bá ti bá ti ìyá ọlọ mu ni lílọ̀ tó dùn. Kábọ̀n náà nìyẹn. Níbẹ̀rẹ̀ ojú ìlà tín-ín-rín kan ló fi ń kan bàbà, tẹ́ ẹ bá wá ti gbogbo iná ọkọ̀ gba ojú ìlà yẹn, á gbóná, iná á máa ta, bàbà á dúdú, kábọ̀n á le bíi gíláàsì lójú, ó sì lè má jókòó dáadáa mọ́ láéláé. Ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ́kọ́ fi iná kékeré yí i láìsí ẹrù kankan lórí ẹ̀, kó lọ ara ẹ̀ jẹ́jẹ́.

Omi náà ń ṣiṣẹ́, n ò ní purọ́. Ó ń gbá erùpẹ̀ kábọ̀n jáde, ó ń jẹ́ kó lọ kíá. Àmọ́ kíá tó ń lọ yẹn, kábọ̀n lẹ ń ná. Mo gbé kábọ̀n mọ́tò kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ẹ̀kẹta tó wà nínú ọ̀rá, ti èkejì ò tó ìdajì ẹ̀ mọ́, lẹ́yìn bátìrì mẹ́sàn-án! Mo sọ fún un pé inú ife yẹn ló ti jẹ púpọ̀ nínú ẹ̀. Fún agolo fàdákà tí kò ṣeé tú, mo ṣì lè fi omi ṣe é, ní 3 volt, fún ìṣẹ́jú kan tàbí díẹ̀ lé, kí n sì fi kọ́ńtáàkì kílínà, kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ ojú iná, fọ̀ ọ́, kí n gbẹ ẹ́, kí n fi ọ́ìlì sí búṣì ẹ̀ (ihò onírin tí ọ̀pá mọ́tò ń yí nínú ẹ̀) lójú ẹsẹ̀ kó má dípẹtà. Mọ́tò tó ṣeé tú tí mo lè yọ kábọ̀n ẹ̀ wò, n ò rí ìdí tí n ó fi rì í bọ omi.

Mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú ihò mọ́tò kìíní. Kọ́mù ẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, nǹkan kan bíi gíríìsì dúdú sì ti dí àlàfo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. WD-40 tó ń fín sí i nìyẹn, ó pò mọ́ erùpẹ̀ kábọ̀n àti eruku pupa, erùpẹ̀ kábọ̀n sì ń gbé iná, torí náà iná ń gba ẹ̀gbẹ́ bọ́ sínú bàbà kejì láì gba inú wáyà kọjá. Búṣì mọ́tò wá dà bíi kànrìnkàn, inú ẹ̀ ni ọ́ìlì ẹ̀ ń gbé, kẹ́míkà yẹn á ti fọ̀ ọ́ kúrò, torí mo mú ọ̀pá mọ́tò náà mì, ó ń mì lọ mì bọ̀. Gbogbo èyí nínú ọyẹ́, tí eruku ilẹ̀ pupa Akóbọ̀ ń fẹ́ wọ gbogbo ihò. Mọ́tò kìíní ti kú, ohun tó pa á sì hàn kedere: eruku, ọ́ìlì tí kì í ṣe ọ́ìlì, àti jíà eléyín 23 tó ń mú un ṣiṣẹ́ ju agbára ẹ̀ lọ.

Ibí ni mo ti kọ́kọ́ ṣàṣìṣe. Torí pé ti mọ́tò kìíní hàn báyẹn, mo gbà lọ́kàn pé ohun kan náà ló pa èkejì, mo kàn fi ti ife omi kún un. Mo tú u. Kọ́mù ẹ̀ jó lóòótọ́ àmọ́ kò sí gíríìsì dúdú kankan nínú àlàfo ẹ̀, kábọ̀n méjèèjì sì jó létí kan ṣoṣo, etí kejì ń dán. Mo rí i o. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì, mo tún fọwọ́ pa á, mo sì gbé e sílẹ̀ mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Ó wá kan mọ́tò kẹta. Mo fẹ́ fi bátìrì Tiger Head ńlá méjì yí i, torí méjì jẹ́ 3 volt, àmọ́ irú bátìrì tọ́ọ̀ṣì yẹn ò lè gbé amp méjì, bí mo ṣe so ó báyìí fólítéèjì ẹ̀ wó lulẹ̀, nọ́ńbà tí míítà ń kà ò dúró sójú kan. Mo padà lọ gbé power supply mi, mo yí i sí 3 volt, mo so míítà sáàárín kó lè máa ka amp tó ń wọlé. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sẹ́yìn mọ́tò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ó ń ka 2.2 amp, ó ń fò sókè fò sílẹ̀, iná díẹ̀díẹ̀ ń ta nínú ihò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún mo pa á kó tutù, mo tún tàn án. Nígbà tó fi máa yí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó ti wálẹ̀ sí 1.5, ìró ẹ̀ náà ti yí padà, háháhá tó ń hó tẹ́lẹ̀ ti di híì kan tó lọ geere. Mo gbé sípíríǹgì sókè, mo fa kábọ̀n yọ, ibi tó ń dán ti gba bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ojú ẹ̀. Mo fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kún un, gbogbo ojú ẹ̀ dán, míítà dúró sí 1.4, kò lọ sókè kò lọ sílẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ erùpẹ̀ ẹ̀ jáde, mo fín kọ́ńtáàkì kílínà sí i, ó gbẹ, mo kán ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ẹyọ kan péré sí búṣì iwájú àti ẹyọ kan sí tẹ̀yìn, mo nu èyí tó ṣẹ́kù kúrò kó má bàa sàn dé orí kọ́mù.

Mo dá jíà eléyín 19 padà. Mo ya bébà ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo ki í bọ àárín jíà kékeré àti jíà ńlá, mo ti mọ́tò mọ́ ọn, mo de nọ́ọ̀tì, mo wá fa bébà náà jáde, kí àyè tó kù láàárín eyín wọn jẹ́ ìwọ̀n bébà, torí jíà tó bá há mọ́ra jù, bí ìgbà téèyàn tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ tó sì ń ti gáàsì ni. A yọ bẹ́rìn táyà wò, méjì ti há pátápátá fún eruku, a pààrọ̀ wọn.

A gbé ọkọ̀ sílẹ̀. Ó tẹ iwájú, ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní "á máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n, èkejì náà ṣe bẹ́ẹ̀", ó yọ wáyà mọ́tò méjèèjì, ó fi pupa sí dúdú, dúdú sí pupa, ọkọ̀ wá ń lọ síwájú. Mo dúró ti í, mo ń wò ó tó ń ṣe é, n ò sọ nǹkan kan. Títí di òní mo ṣì máa ń rántí pé mo dúró ti í.

Ìṣẹ́jú márùn-ún lórí títì ọlọ́dà, mo fi tẹmómítà oníná pupa wò ó: 88°C. (Mo lẹ téèpù dúdú mọ́ agolo kí n tó wọ̀n ọ́n, torí irin tó ń dán máa ń tan tẹmómítà yẹn jẹ, á sọ pé kò gbóná tó bó ṣe gbóná. Èyí tí wọ́n sì ń nà síwájú orí èèyàn nígbà kòrónà, ẹ má fi ṣe iṣẹ́ yìí, ti ara èèyàn ni wọ́n ṣe é fún.) Tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́kàn mi, pẹ̀lú eléyín 19 àti kábọ̀n tó ti jókòó, ìwọ̀n 60 ni mo ń retí. Ilẹ̀ ti ń ṣú, nígbà tó sì tẹ̀ ẹ́ gan-an mo rí iná búlúù tó ń ta nínú ihò mọ́tò yíká kọ́mù bíi ti wẹ́dà. Bátìrì tó máa ń lo bíi ìṣẹ́jú méjìdínlógún pẹ̀lú mọ́tò kìíní, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló lò. Mo ní kó gbé ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo wa máa ń sọ, pé torí wọn ò mú kábọ̀n jókòó ni mọ́tò ṣe kú, kò lè jẹ́ ti mọ́tò yìí, torí èmi ni mo mú un jókòó, mo sì fi ojú rí i pé ó jókòó.

Ohun tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ Bàbá rewáyà ni pé mo fẹ́ tún àmáṣọ̀ mọ́tò kejì lò. Bàbá yìí ń tún kíkísítátà àti àtànétọ̀ ọkọ̀ ṣe lápá Agodi Gate, àgbàlagbà ni, kó tó ya iṣẹ́ tara ẹ̀ ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ híhun kan, níbi tí wọ́n ti ń lo mọ́tò DC ńlá. Mo kó àmáṣọ̀ àti kábọ̀n méjèèjì fún un nínú ọ̀rá, mo ní "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo bàbà yìí, ṣé ẹ lè fi sáńpépà họ ọ́". Wọn ò wo bàbà. Kábọ̀n ni wọ́n mú, wọ́n wọ dígí, wọ́n gbé e síta sínú oòrùn, wọ́n fi èékánná họ etí tó jó yẹn, wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló ń yí ẹ̀rọ yìí sẹ́yìn?"

Mo ní, "Bàbá, kò sẹ́ni tó ń yí i sẹ́yìn, iwájú ló ń lọ."

Wọ́n ní, "Iwájú ọkọ̀ lò ń wí. Iwájú mọ́tò lèmi ń wí."

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti kúrò yẹn, kábọ̀n mọ́tò ńlá wọn máa ń wà lára òrùka kan tó ṣeé yí díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, tí etí tí bàbà ń gbà jáde lábẹ́ kábọ̀n bá sì ń jó, òrùka yẹn ò sí níbi tó yẹ kó wà nìyẹn. Ńṣe ni mo jókòó sórí táyà tó wà níbẹ̀. Wáyà tí àbúrò yẹn ń pààrọ̀ lójú mi ló wá sí mi lọ́kàn.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Bí kọ́mù ṣe ń yí, kábọ̀n ń kúrò lórí bàbà kan bọ́ sórí èkejì, ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn iná inú wáyà tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ yí padà kó máa lọ sí òdìkejì, wáyà kì í sì í fẹ́ kí iná yí padà lójijì. Àmáṣọ̀ náà tún ní òòfà tiẹ̀ nígbà tí iná bá ń gba inú ẹ̀, tó ń fa ti òòfà ara agolo lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń fà á tó. Torí ẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe mọ́tò eré ìje fi máa ń yí ìdérí ẹ̀yìn tó gbé kábọ̀n dání sẹ́yìn díẹ̀, lòdì sí ibi tí àmáṣọ̀ ń yí sí, kí kábọ̀n lè bá iná níbi tó ti rọrùn jù láti yí padà. Tímìn la ń pè é. Mọ́tò tí wọ́n bá fi tímìn sí ní iwájú, ó sì ní ẹ̀yìn. Tó bá ń yí síbi tí wọ́n ṣe é fún, á yára, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ta iná. Tẹ́ ẹ bá wá pààrọ̀ wáyà ẹ̀ tó ń yí sódì, tímìn tó yẹ kó ràn án lọ́wọ́ ti di ọ̀tá ẹ̀, kábọ̀n ń pẹ́ kó tó fi bàbà sílẹ̀, ó ń fi í sílẹ̀ pẹ̀lú iná, etí yẹn á sì máa jó. Agolo fàdákà tó bá ọkọ̀ náà wá ò ní tímìn rárá, sọ́tùn-ún sósì ọ̀kan náà ni fún un, òun ló jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méje láìsí wàhálà ti ẹ̀gbẹ́ yìí, ọkọ̀ yẹn sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n gbé mọ́tò sí lọ́nà tó fi ń yí sí òdìkejì ibi tí ọ̀pọ̀ mọ́tò tà-lọ́tọ̀ ń kọjú sí.

Mo délé, n ò tíì jẹun tí mo fi yọ mọ́tò kẹta lára ọkọ̀, mo yọ jíà ẹnu ẹ̀, mo gbé e padà sórí power supply. 3 volt, pupa sí pupa: 1.4 amp, jẹ́jẹ́, kò sí iná tó ń ta. Mo yí wáyà padà: 2.1 amp, iná ń ta, ìró ẹ̀ tún ń hó. Mo rò ó pé ó lè jẹ́ torí pé ẹ̀gbẹ́ kan ni mo ti mú kábọ̀n jókòó, mo jẹ́ kó yí sódì yẹn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, 1.9 ló wálẹ̀ sí, kò kọjá ibẹ̀. Ó ti dá mi lójú nìyẹn. Mo tú sukurú méjì tó di ìdérí ẹ̀yìn mú, n ò yọ wọ́n, mo kàn dẹ̀ wọ́n, mo ń yí ìdérí náà ní ìwọ̀n irun orí, mo ń wo míítà, mo yí wáyà síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, títí nọ́ńbà méjèèjì fi di 1.6. Mo de sukurú. Mo lè yí i kọjá ibẹ̀ kó ní tímìn díẹ̀ síhà ibi tí ọkọ̀ yẹn ń yí sí, á yára sí i, àmọ́ àbúrò yìí ń lo ẹ̀yìn gan-an ni, gbogbo ìgbà tó bá kọlu odi ló ń fà á sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kó pẹ́ ju kó yára lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀dà kan náà, bátìrì kan náà, odindi bátìrì: ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún, 61°C. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú a tún wo inú ihò, ìmọ́lẹ̀ pupa kékeré kan báyìí la rí, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan.

Ti àmáṣọ̀ mọ́tò kejì ò yọrí sí rere. Bàbá kọ̀ jálẹ̀ pé kí n má fi sáńpépà kàn án, pàápàá èyí dúdú tí wọ́n fi ń họ irin, torí yanrìn ẹ̀ máa ń wọnú bàbà, á sì máa jẹ kábọ̀n lẹ́yìn ìgbà náà. Wọ́n ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fi léèdì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí wọ́n lè gé e, gé kọ́mù kíkísítátà. Ó gé e, láti 7.4 mm ó di 7.1, ó dán bíi góòlù, mo fi ẹnu abẹ́ gbá àlàfo ẹ̀ mọ́, inú mi dùn. Àmọ́ bí mo ṣe tàn án, kábọ̀n ń fò lórí ẹ̀ tatata, iná ń ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹnu léèdì ńlá tó ń gé nǹkan tó nípọn bí ọwọ́ ò lè mú ọ̀pá 3.17 sáàárín géérégé, ó yà díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì pọ̀ jù fún kọ́mù kékeré. Léèdì tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí, ọ̀pá àmáṣọ̀ fúnra ẹ̀ ló máa ń sinmi sórí ihò olójú V, tí okùn rọ́bà á máa yí i, ohun tó bá gé á bá ọ̀pá mu dandan. N ò ní irú ẹ̀, n ò sì tíì rí ẹni tó ní in nítòsí. Mo yọ sípíríǹgì mọ́tò náà pamọ́, ìyókù ti lọ.

Ohun kan tún wà tó fẹ́ dà wá láàmú. Lẹ́yìn gbogbo èyí, sítíárìn ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n tó bá ti tẹ iná gan-an. Àìsí kàpásítọ̀, nǹkan kékeré tó ń pa ariwo iná, ló fà á. Agolo fàdákà àkọ́kọ́ ní tiẹ̀ lára, ẹ̀kẹta yìí ò ní, ariwo iná láti ẹnu kábọ̀n sì ń wọnú rísífà, ìyẹn ibi tó ń gba àṣẹ rìmóòtù nínú ọkọ̀. Mo jó kàpásítọ̀ mẹ́ta tí wọ́n kọ 104 sí lára, ìyẹn 0.1 µF, mọ́ ọn, ọ̀kan láàárín pupa àti dúdú, ọ̀kan láti pupa sára agolo, ọ̀kan láti dúdú sára agolo, mo fi irin ìjólédì tó gbóná dáadáa ṣe é kíá kí n má bàa yọ́ ọ̀rá tó gbé kábọ̀n dání. Gbígbọ̀n náà dáwọ́ dúró.

Ọ̀nà tí mo fi ń gba mọ́tò lọ́wọ́ èèyàn ti yí padà láti ìgbà yẹn. Kí n tó fọwọ́ kan sukurú kankan, mo máa ń yí i sí iwájú àti ẹ̀yìn ní 3 volt láìsí jíà lẹ́nu ẹ̀, mo sì máa ń fi máká kọ nọ́ńbà méjèèjì sára agolo. Tí wọ́n bá jìnnà síra wọn, mo ń béèrè bí wáyà ṣe wà nínú ọkọ̀ àti ibi tí ọkọ̀ yẹn ń yí mọ́tò sí, ibẹ̀ náà ni mo sì ń mú kábọ̀n jókòó sí. Kábọ̀n tí mo bá fẹ́ yọ, mo ń fi bírò sàmì sí orí ẹ̀ kí n lè dá a padà bó ṣe wà, kí n sì mọ etí tí bàbà ń gbà wọlé yàtọ̀ sí etí tó ń gbà jáde, torí àmì tí mo ní lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní tí mo sì gbé sílẹ̀, òun náà ló sọ gbogbo ìtàn fún Bàbá láàárín ìṣẹ́jú kan. Tí mọ́tò bá ń gbóná tí nọ́ńbà méjèèjì sì dọ́gba, ara ọkọ̀ ni mo ń yíjú sí, jíà tó há, bẹ́rìn tó ti kún fún eruku, eyín jíà tó pọ̀ jù.

Fún àbúrò yẹn mo ní kó jáwọ́ nínú WD-40 nínú mọ́tò. Lọ́jọ́ tó bá ṣeré nínú eruku kó fi búlówà ọwọ́ fẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹnu, torí ìrì ẹnu náà omi ni. Lẹ́yìn bátìrì márùn-ún tàbí mẹ́fà kó kán ọ́ìlì ẹyọ kan sí búṣì kọ̀ọ̀kan, kó sì yọ kábọ̀n wò. Tó bá ti lọ sílẹ̀ dé ìdajì, kó pààrọ̀ méjèèjì pọ̀ kó sì mú tuntun jókòó kó tó sáré, tó bá ń lò ó kọjá ìdajì sípíríǹgì ò ní tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́, á máa ta iná.

Mọ́tò kẹta ti sá bátìrì mọ́kànlélọ́gbọ̀n báyìí. Kọ́mù ẹ̀ ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, ìyẹn ni mo ń fẹ́ rí, kábọ̀n ẹ̀ ò tíì lọ ju milimita kan lọ. Àbúrò náà gbé e wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yí i síwájú, 1.6, mo yí i sẹ́yìn, 1.7. Mo gbé sípíríǹgì méjèèjì sókè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tẹ̀gbẹ́ dúdú ti ń rọ̀ ju tẹ̀gbẹ́ pupa lọ díẹ̀. Méjì tí mo yọ lára mọ́tò kejì ṣì wà nínú agolo mílíìkì lórí tábìlì mi, ṣùgbọ́n iná ti jó àwọn náà rí, n ò lè fọkàn tán wọn. A ti ní kí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi tuntun méjì ránṣẹ́.